AR Fún Kíláàsì Sáyẹ́ǹsì: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Mú, Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Fi Sílẹ̀?

Mo ya methane sórí bọ́ọ̀dù fún SS2, káábọ̀nù láàárín, háídírójìn mẹ́rin yí i ká, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí oríta mẹ́rin báyìí, mo wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé láti háídírójìn kan sí èkejì jẹ́ dígíríì 109.5. Ọmọbìnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹsikíúùsì mà, 90 lèyí tẹ́ ẹ yà yìí o, mo ti fi protractor wọ̀n ọ́n nínú nóòtì mi." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ júwe nínú afẹ́fẹ́, mo ní ẹ rántí ààrò, òkúta mẹ́ta nílẹ̀, ẹ wá rò ó pé wọ́n ri ọ̀pá kan mọ́ àárín wọn, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó gbọ́, èmi sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Ohun tó bá níkùn tó tún lẹ́yìn, bọ́ọ̀dù ò lè gbé e, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa hàn.

Bí mo ṣe kó sínú ọ̀rọ̀ AR (augmented reality) nìyẹn. Mo ti lò ó ní Tankẹ, ní Ìlọrin níbí, tí mo ti ń kọ́ kẹ́místìrì, mo ti gbé e lọ sí lẹ́sìn ọlidé ní Ọmù-Àrán níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe bíi pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi wá ń pè mí ṣáá, "Àǹtí, èwo gan-an ni ká dáwọ́ lé nínú gbogbo ẹ̀?" Mo jókòó kọ èyí kí n lè sinmi fóìsì nóòtì aago mọ́kànlá òru.

Fún ẹni tí ò tíì rí i rí: AR kì í ṣe VR (virtual reality) o. VR ni wọ́n ń dè mọ́jú téèyàn ò ní rí ibi tó jókòó sí mọ́. AR ní tiẹ̀, kámẹ́rà fóònù yín ń wo tábìlì iwájú yín, áàpù á wá gbé nǹkan tí ò sí níbẹ̀ ka orí tábìlì yẹn, ẹ máa rí méjèèjì pọ̀, tẹ́ ẹ bá rìn yípo, ẹ máa rí ẹ̀yìn nǹkan náà. Àwọn tó ṣe Pokémon Go ní 2016 ti lò ó, wọn ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni. Orúkọ yẹn gan-an ti pẹ́, Tom Caudell tó ń ṣiṣẹ́ ní Boeing ló fún un ní 1990, àwọn tó ń to wáyà ọkọ̀ òfurufú ló wà lọ́kàn ẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó fẹ́ kọ WAEC. Àwọn awò ńlá bí Apple Vision Pro tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2024 ní $3,499, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fáwọn tó ni ín, fóònù là ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ bi fóònù léèrè

Áàpù ni mo kọ́kọ́ wá, àṣìṣe tèmi nìyẹn. Mo da mẹ́rin sórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, dátà lọ, mẹ́ta nínú wọn ò tiẹ̀ ṣí. Fóònù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi, torí ọ̀nà méjì ni AR ń gbà ṣiṣẹ́ lórí fóònù, fóònù yín ló sì máa sọ èyí tẹ́ ẹ lè gbà.

Ọ̀nà kan wà tí áàpù máa ń wá àmì tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà. Tó bá ti rí àmì yẹn, ó ti mọ ibi tó máa gbé nǹkan sí. Kámẹ́rà lásán nìyẹn ń fẹ́, itel kékeré tó bá ti ń mú fọ́tò tó mọ́ lè ṣe é. Ọ̀nà kejì ò lo àmì kankan, fóònù fúnra ẹ̀ ló ń wo ilẹ̀ tàbí tábìlì, tó ń ṣírò bí ibẹ̀ ṣe tẹ́ àti bí ọwọ́ yín ṣe ń yí, ìyẹn ò ṣeé ṣe láìsí gyroscope (ohun tó ń jẹ́ kí fóònù mọ bó ṣe ń yí) nínú fóònù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Tecno, Infinix àti itel tówó wọn ò ga ni ò sì ní in. Lórí Android, ARCore ti Google ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, Android 7 sókè ló ń fẹ́, àmọ́ kì í ṣe Android 7 nìkan, fóònù ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí Google ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí. iPhone ti ní ARKit tiẹ̀ láti 2017, iPhone 6s sókè ń gbé e.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ò le. Ẹ wọ Play Store, ẹ wá Google Play Services for AR, tó bá ní fóònù yín ò bá a mu, ẹ má bá a jà rárá, ẹ gba ọ̀nà àmì bébà lọ. Nínú sítáàfù rúùmù wa, àwa mọ́kànlá la yẹ̀ ẹ́ wò, ti èèyàn mẹ́ta ló gbà, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn sì ni bọ́sà tí ò mọ ibi tí kíláàsì kẹ́místìrì wà.

Kúùbù ọwọ́ àbí èyí tó ń jókòó sórí tábìlì

Nínú àwọn tó ń lo àmì, Merge Cube lẹ máa gbọ́ jù. Kúùbù fóòmù dúdú onífàdákà kan ni, ojú mẹ́fà, àmì ojú kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Tọ́mọ bá gbé e dání tó wò ó láti inú fóònù, kò ní rí kúùbù mọ́, ọkàn èèyàn tó ń lù ló máa rí nínú àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Ẹ ò ní láti ra ti fóòmù, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń lẹ̀ pọ̀, wà, ó ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣá ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan tó dáa nínú áàpù wọn, owó ni, èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ò pọ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn kúùbù ni ọwọ́. Ọmọ tó ń yí nǹkan náà fúnra ẹ̀ ò níí béèrè lọ́wọ́ yín pé ibo ni ẹ̀yìn ẹ̀ wà. Àbùkù ẹ̀ náà ni ọwọ́, torí ọwọ́ kan di kúùbù, ọwọ́ kan di fóònù, ta ló máa wá kọ nóòtì? Ní kíláàsì tèmi mo ń pín wọn ní mẹ́ta mẹ́ta, ẹnì kan di kúùbù, ẹnì kan di fóònù, ẹnì kan ń kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n á máa pààrọ̀.

Títẹ̀ ẹ́ ló máa yọ yín lẹ́nu. Mo gbé èyí àkọ́kọ́ lọ sí ibi ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá ọ̀nà, toner wọn ti fẹ́ tán, dúdú ẹ̀ jáde bí eérú, fóònù kàn ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Mo tẹ èkejì níbòmíì, ó dúdú dáadáa, mo wá ní kí wọ́n bá mi fi ọ̀rá bò ó kó má baà ya, ọlọ́gbọ́n tèmi, bí mo ṣe gbé e sún mọ́ wíńdò báyìí ó ń kọ mọ̀nà, kámẹ́rà ò rí nǹkan kan mọ́. Ẹ̀kẹta, bébà lásán tí ò dán, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí Indomie, mo gé e, ó ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Tó bá sì jẹ́ káádì alámì dúdú onígun mẹ́rin bí èyí tí wọ́n ń pè ní Hiro lẹ ń lò, ẹ má gé etí funfun tó yí dúdú ká dànù, funfun yẹn ni fóònù fi ń mọ ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń jókòó sórí tábìlì ní tiẹ̀, ó tóbi, kò fẹ́ bébà, èèyàn mẹ́fà lè dúró yí fóònù kan ká, ẹ tiẹ̀ lè fẹ egungun èèyàn títí tó fi máa ga bí tíṣà. Àmọ́ wàhálà ẹ̀ ju ti kúùbù lọ. Tábìlì láàbù wa jẹ́ táìsì funfun tó ń dán, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, fóònù kàn ń sọ pé kí n máa gbé e káàkiri, ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àwọn ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo bá tú ìborùn áńkárá mi, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fi mú. Ohun tó fà á ò ju pé fóònù ń wá igun, tó-tò-tó àti ilà tó lè máa fi ṣe àmì lójú ara ẹ̀, funfun borokoto ò ní ìkankan nínú ẹ̀, áńkárá ní i tó fi ṣẹ́kù. Látìgbà yẹn, yáàdì áńkárá kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ìyá mi rò pé mo fẹ́ rán an. Ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pàtàkì, ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run bá ṣú, tí iná ò sì sí, ó lè kọ̀. Fóònù á tún gbóná, pàápàá tó bá bọ́ sí oṣù kẹta ní Ìlọrin tí òrùlé páànù ń sọ̀kò ooru sílẹ̀, bátìrì á máa wálẹ̀ lójú yín, torí náà ẹ má gbé e jáde nílé láìgbé páwà báǹkì dání.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ohun tó ṣeé gbé sọ́wọ́, bíi molécule, ọkàn, DNA, sẹ́ẹ̀lì, kúùbù ló ni wọ́n. Ohun tó yẹ kéèyàn rìn yí ká tàbí kó wọnú ẹ̀, bí agbára máágínẹ́ẹ̀tì tó tàn káàkiri, tábìlì.

Èyí tí wọ́n ti ṣe tán àbí èyí tẹ́ ẹ ṣe fúnra yín

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Áàpù tí wọ́n ti ṣe tán rọrùn, ẹ dà á sórí fóònù, ẹ ṣí i, ó parí. Àmọ́ ilé onílé ni. Google Expeditions tí ọ̀pọ̀ tíṣà láyé kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lé lórí, Google tì í ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2021. HP Reveal tí wọ́n ń pè ní Aurasma tẹ́lẹ̀, ó lọ ní 2020. Meta Spark, oṣù kìíní 2025 ni wọ́n tì í. Ẹni tó ti ṣe káádì ogójì fún ọ̀kan nínú wọn, bébà lásán ló kù sí i lọ́wọ́.

Èyí tẹ́ ẹ ṣe fúnra yín, kò sẹ́ni tó máa tì í mọ́ yín lórí. AR.js wà, irinṣẹ́ kóòdù tí wọ́n fi ń ṣe AR, ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2017 ló jáde, inú bráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ò ní da áàpù kankan sórí fóònù, á kàn ṣí líǹkì, á gbé kámẹ́rà sí káádì. Model-viewer ti Google náà wà, ìyẹn ń lo ARCore fún èyí tó ń jókòó sórí tábìlì, fóònù tí ò ní ARCore á ṣì rí i lójú ìwé, á lè máa fọwọ́ yí i, ìyẹn gan-an ló mú kí n fẹ́ràn ẹ̀, torí ọmọ kankan ò níí jókòó lásán. Àwọn nǹkan 3D tẹ́ ẹ máa gbé sínú ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, NIH 3D ti ìjọba Amẹ́ríkà ní molécule àti ẹ̀yà ara, NASA ní pílánẹ́ẹ̀tì àti ọkọ̀ òfurufú ojú ọ̀run. Fáìlì tó ní GLB nídìí ni kẹ́ ẹ mú fún Android, iPhone ń fẹ́ USDZ.

Ohun tó máa kọ́kọ́ dà yín láàmú: ẹ ṣe é tán lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ kó fáìlì sórí fóònù, ẹ ṣí i, kámẹ́rà ò ní ṣí. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣì í. Bráúsà ò ń fún ojú ìwé ní kámẹ́rà àfi tí líǹkì ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Ẹ gbé e sórí GitHub Pages, ibi tí wọ́n ń gbé ojú ìwé sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, ó sì ní https. Ẹni tí ò mọ kóòdù rárá, kó wá ọmọ kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì kan, Unilorin àti KWASU ní Málétè kún fún wọn, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Ní Ọmù-Àrán tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe wá-lọ-wá-lọ, ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ṣí ojú ìwé náà lórí gbogbo fóònù láàárọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, a ò wá ní tì í títí a fi máa lò ó. Ẹni tó bá ṣèèṣì tì í, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀ àti MTN. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí rárá, ẹ gbàgbé líǹkì, áàpù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà nìkan lẹ lè fọkàn tán, kẹ́ ẹ sì dán an wò ní airplane mode nílé kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, torí àwọn kan á ní àwọn ń ṣe é, wọ́n á dé ojú agbo kí wọ́n tó máa béèrè dátà.

AR àbí nǹkan míì? Ó dọwọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́

Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé AR máa gba gbogbo sáyẹ́ǹsì là. Àwọn tọ́píìkì kan wà tó jẹ́ pé AR ni, àwọn kan wà tó jẹ́ pé balúùnù sàn jù ú lọ, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé AR á ba ọmọ jẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí methane. Ẹ fẹ́ balúùnù mẹ́rin tó tóbi bákan náà, ẹ so ìdí wọn pọ̀ ní kókó kan, ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ ò ní ṣètò ẹ̀, àwọn fúnra wọn á ta ara wọn nù, wọ́n á jókòó ní 109.5 yẹn gan-an. Mẹ́ta, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ ní 120 bíi ti BF₃. Méjì, wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra wọn ní 180 bíi ti CO₂. Ohun tí AR ò lè ṣe nìyẹn o: AR á fi hàn yín pé bó ṣe rí nìyí, balúùnù á fi hàn yín ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ń ta ara wọn nù bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń ta ara wọn nù. Àmọ́ tó bá di NH₃ (ammonia) tó jẹ́ 107 àti omi tó jẹ́ 104.5, balúùnù ò mọ ìyàtọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni AR ti ń wọlé, ọmọ á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á rí i pé omi ká kò díẹ̀ sí i. Èmi máa ń fi balúùnù bẹ̀rẹ̀, mo ń fi AR parí ẹ̀. Ẹni tí ò lówó balúùnù, amọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá onìkòkò Dada ní Òkèlele, ẹ ká a róbótó, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún un, ọ̀rọ̀ parí.

Ọkàn èèyàn. Lójú ìwé, apá òsì ọkàn wà ní apá ọ̀tún bébà, ọdọọdún ló ń da àwọn ọmọ láàmú nínú ìdánwò. AR tún èyí ṣe pátápátá, ọmọ á gbé kúùbù sí àyà ara ẹ̀, á rí i pé òsì ọkàn àti òsì tòun bára mu. Àmọ́ tó bá jẹ́ nípọn ògiri ni, ìdí tí ògiri ventricle (yàrá ìsàlẹ̀) òsì fi nípọn ju ti ọ̀tún lọ torí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, ẹ lọ sí Ìpàtà láàárọ̀, ẹ ra ọkàn màlúù lọ́wọ́ alápatà, ẹ là á sí méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Yàrá mẹ́rin ni ọkàn màlúù náà ní. Ìròyìn ò tó àfojúbà, AR tó dára jù láyé náà, ìròyìn ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran tútù. Lẹ́yìn kíláàsì, ẹni tó máa fi ṣọbẹ̀ ò ní ṣòro rí.

Máágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ tú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, máágínẹ́ẹ̀tì wà nídìí ẹ̀, ẹ gba ẹ̀kù irin lọ́dọ̀ wẹ́dà, ẹ gbé bébà lé máágínẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ́n ẹ̀kù náà sí i, ilà á hàn. Gbogbo tíṣà físíìsì mọ èyí. Ibi tó kù sí ni pé orí bébà ló wà, ọmọ á rò pé pẹlẹbẹ ni agbára yẹn, bẹ́ẹ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ló kún. AR ló dára jù fún ìyẹn, ọmọ á máa rìn yí i ká. Tó bá wá di pé máágínẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé tó ń jáde nínú kọ́ìlì ló ń bí iná, ẹ gbé AR tì, ẹ lọ sórí PhET, sáìtì tí wọ́n ti ń ṣe àdánwò sáyẹ́ǹsì lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Yunifásítì Colorado ló ni ín, Carl Wieman tó gba Nobel físíìsì ní 2001 ló dá a sílẹ̀ ní 2002, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè dà á sórí fóònù kẹ́ ẹ máa lò ó láìsí dátà, fóònù tí ò ní ARCore náà á ṣí i. Kì í ṣe AR, ṣùgbọ́n ọmọ á fọwọ́ ti máágínẹ́ẹ̀tì wọnú kọ́ìlì, gílóòbù á tàn, á dúró, gílóòbù á kú. Pé ó gbọ́dọ̀ máa rìn kí iná tó wà, ẹ̀kọ́ gan-an nìyẹn, AR tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń ya ilà rẹ́rẹ́ ni.

DNA, AR dáa, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ tó lọ́ sí wò. DNA tara wa ọwọ́ ọ̀tún ló lọ́ sí, bí ìdè ìdérí ìgò, ọ̀pọ̀ àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì yà sí òsì. Ẹ na àtàńpàkò ọ̀tún yín sókè, ẹ fi ìka tó kù tẹ̀lé okùn bó ṣe ń gòkè, tó bá bá a mu ẹ gbé e, tí ò bá bá a mu ẹ wá òmíì.

Èyí tí mo ń sọ pé AR máa ń ba ọmọ jẹ́ ni átọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù yìí, núkílíọ́ọ̀sì tó tóbi bí ọsàn ló máa wà láàárín, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa yí i ká bí ọ̀kadà tó ń yí ráúndábáọ̀tù. Ó rẹwà, irọ́ ni. Kì í ṣe pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí lójú ọ̀nà kan bẹ́ẹ̀, átọ́ọ̀mù sì fẹ̀ ju núkílíọ́ọ̀sì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100,000, tí núkílíọ́ọ̀sì bá jẹ́ èso àgbàdo kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, átọ́ọ̀mù ẹ̀ máa fẹ̀ tó kìlómítà kan. Fóònù wo ló máa gbé ìyẹn? Ọmọ tó ti fi ojú ara ẹ̀ rí ọsàn yẹn nínú AR, ẹ máa jà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀, torí ohun téèyàn fojú rí ń wọra ju ohun tó kà lọ. Bákan náà ni òòrùn àti pílánẹ́ẹ̀tì orí tábìlì. Tí ayé bá jẹ́ ẹ̀pà kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, òòrùn á lé díẹ̀ ní mítà kan ní fífẹ̀, ibi tó máa wà á sì jìnnà tó mítà 117, ó ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ kó wọn lọ sí pápá, ẹ gbé ẹ̀pà sọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ ní kí ẹnì kejì máa rìn lọ, kó má dúró títí wọ́n á fi máa pariwo sí i.

Móòlù, orúkọ iye tí wọ́n fi ń ka átọ́ọ̀mù, AR ò wúlò fún un rárá. Kéréètì ẹyin, ọgbọ̀n ló ń gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Fóònù mélòó, lọ́wọ́ ta?

Ọ̀pọ̀ iléèwé wa ò fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ ọmọ, mi ò sì bá wọn jà, mo mọ ohun tí ojú ń rí. Ẹ kọ lẹ́tà sí pírínsípà ṣáájú, ẹ dárúkọ kíláàsì, ọjọ́, aago, iye fóònù, kẹ́ ẹ sì sọ pé fóònù tíṣà ni, kì í ṣe tọmọ. Èmi máa ń yá ti àwọn tíṣà mẹ́rin, mo ń tì í sí ojú ìwé yẹn nìkan nípa app pinning, ìyẹn wà nínú settings Android, kó má lọ di pé ọmọ kan ń wo WhatsApp bọ́sà.

Tó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo lẹ ní, ọ̀nà wà. Scrcpy jẹ́ áàpù ọ̀fẹ́ orí láptọ́ọ̀pù, ẹ fi wáyà USB so Android mọ́ ọn, ohun tó wà lójú fóònù á hàn lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ wá gbé láptọ́ọ̀pù mọ́ pùrójẹ́kítọ̀. Kò fẹ́ dátà. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé fíìmù lẹ ti sọ ọ́ dà fáwọn tó kù, ẹni tó di fóònù nìkan ló ń ṣe AR. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó jókòó máa darí ẹ̀, "gbé e lọ sí ọ̀tún, ó tì, wá ẹ̀yìn ẹ̀," ìyẹn sàn ju kí tíṣà máa yí i fúnra ẹ̀ lọ. Fóònù mẹ́rin fún ọmọ bí ogójì sàn jù, kẹ́ ẹ sì gba dọ́bù píríọ̀dù tẹ́ ẹ bá lè rí i, torí nínú ogójì ìṣẹ́jú kan péré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á bá "háà, ẹ wò ó!" lọ, ẹ fún wọn láàyè kí wọ́n pariwo yẹn tán, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ fún wọn ní ìbéèrè kan tí wọn ò lè dáhùn láìyí nǹkan náà. Ìbéèrè kan péré ni o, tó bá ti di mẹ́wàá wọ́n á padà sẹ́nu àdàkọ.

Ọjọ́ tí mo gbé methane tí mo ṣe sórí model-viewer wọ SS2 yẹn, ìbéèrè tèmi ò ju pé 90 ni àbí 109.5. Ẹ ti mọ ẹni tó yọ protractor. Ó gbé e lé ojú fóònù, ó wọ̀n ọ́n, ó yíjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín tí mo ti mọ̀, "Mà, 120 ni o." Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó, òótọ́ ni, òkè ló ti ń wò ó, háídírójìn kan kọjú sí i gan-an, mẹ́ta tó kù pín àyíká láàárín ara wọn, 120, 120, 120. Mo ní kó má kúrò nídìí ẹ̀, kó máa rìn títí tí káábọ̀nù àti háídírójìn méjì tó fẹ́ wọ̀n á fi tẹ́ sí ojú ẹ̀ bí àwòrán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, híjáàbù ẹ̀ ń bo kámẹ́rà ó ń gbá a sẹ́yìn, àwọn tó kù dákẹ́, wọ́n ń retí. Ó fi protractor sí i lẹ́ẹ̀kejì, ó kà á, ó tún un kà.

Ó ní, "109 àtidíẹ̀, mà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ya 90."